Windows Kọ́ Ló Wà Nínú Wọn

Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òtu, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú ń lò láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, Windows kọ́ ló wà nínú wọn. Linux ni. Èmi ni mo fi síbẹ̀, èmi náà ni mo sì tún ojú wọn ṣe títí wọ́n fi jọ Windows débi pé ẹni tó bá jókòó sídìí wọn yóò kàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nígbà náà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó bá mi dá sí i. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí, kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ láti ẹnu èmi gan-an.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mò ń ṣe. A máa ń tẹ lẹ́tà, a máa ń ṣe fọ́tókọ́pì, a máa ń bá ọmọ yẹ èsì ìdánwò wò, a sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọn bá fà lé wa lọ́wọ́ ní kọ̀ǹpútà. Òtu ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìwé ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n á gun ọ̀kadà láti Ìgbòjàyè tàbí Òkàkà, wọ́n á ní ọ́fíìsì kan ń retí lẹ́tà kí agogo méjì tó lù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ráyè kọ́ ohun tuntun nídìí tábìlì mi, kò sì yẹ kí n fi dandan lé e.

Àlòkù ni gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo fi bẹ̀rẹ̀. RAM wọn kò ju 2GB lọ, Windows 7 tó wà nínú wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n kàn dà kọ síbẹ̀ láìní ìwé àṣẹ, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń rà lọ́jà. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 7 dúró. Láti ọjọ́ náà lọ, ihò yòówù tí àwọn olè bá rí nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò dí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fúláàṣì oníbàárà kò sì dẹ́kun gbígbé fáírọ́ọ̀sì wọlé láti ibi gbogbo. Mo gbìyànjú Windows 10 lórí ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò bá agbára ẹ̀rọ náà mu, ó ń pẹ́ kó tó jí. Ẹ̀rọ tó bá ń pẹ́ kó tó jí, owó epo ló ń jẹ lọ́dọ̀ wa, torí jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 lọ sí òkè ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá fi ń wo ẹ̀rọ tí kò tíì jí ti di ohun tí mo ń ṣírò.

Mo ti mọ Linux kí n tó padà sílé sí Òtu. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ní CD Ubuntu, láti ayé ìgbà tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004, ń fi irú CD bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ní gbogbo àgbáyé. Wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró ní 2011. Nítorí náà Ubuntu ni mo kọ́kọ́ fi sórí ẹ̀rọ kan ní ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe rí gan-an, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀. Ó yá. Fáírọ́ọ̀sì kò rí i gbé ṣe. Inú mi dùn gidigidi.

Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 ló kọ́kọ́ jókòó sídìí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Bọ́tìnnì tó mọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà ni Ubuntu to àwọn àmì tirẹ̀ sí, lóròó. Ó gbé máòsì káàkiri díẹ̀, ó yọwọ́ kúrò. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́.” Mo ní kò bàjẹ́, mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Lọ́jọ́ kejì ìyá rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ má bínú o, Àǹtí. Ṣé èyí tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ilé-ìwé náà nìyí, àbí òmíràn ni? Torí ìdánwò ni mo ṣe ní kó máa wá.”

N kò lè gbàgbé ìbéèrè yẹn. Èlùbọ́ ni ìyá náà ń tà. Owó èlùbọ́ ló fi san owó ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kọ́ níbòmíràn kó tó dọ́dọ̀ mi, ohun tí owó náà sì rà ni pé ọwọ́ ọmọ náà ti mọ ibi tí nǹkan wà: igun yìí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, òkè ọ̀tún ni a ti ń pa á dé, ibi báyìí ni wákàtí wà. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, orí kò ní láti ronú sí i mọ́. Bí mo bá wá da gbogbo rẹ̀ rú nítorí pé èmi fẹ́ràn Linux, mo ti gba ohun tí ìyá yẹn rà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Èrò tí mo bá wọlé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà nìyí, orí rẹ̀ ni mo sì wà di òní.

Bí mo ṣe yí sí Linux Mint nìyẹn, èyí tí Clement Lefebvre bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Mo mú ẹ̀yà rẹ̀ tó ń lo ojú iṣẹ́ Xfce, nítorí ó fúyẹ́ fún ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kéré. Ìtàn kan wà nípa Mint tó fún mi lókun. Ní 2011, àwọn tó ń ṣe GNOME, ojú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Linux ti mọ́ra, yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, àwọn tó ń kọ ètò fúnra wọn, pariwo pé wọ́n ti kó àwọn kúrò nílé. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ará Mint ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojú iṣẹ́ tiwọn, Cinnamon, kí mẹ́nù lè padà sí igun rẹ̀, kí pánẹ́ẹ̀lì, ìlà tí mẹ́nù àti wákàtí wà lórí rẹ̀, sì padà sísàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún ẹni tó mọ inú kọ̀ǹpútà dunjú, kí ni ká ti sọ nípa ọmọ SS2 ní Òtu?

Mo wá jókòó tì í. Mo rí i dájú pé pánẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀, mẹ́nù ní igun òsì, wákàtí àti ọjọ́ ní igun ọ̀tún. Mo ṣètò bọ́tìnnì Windows tó wà lára kíbọọ̀dù kó máa ṣí mẹ́nù. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ E, kó ṣí ibi tí fáìlì wà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ D, kí gbogbo nǹkan sá lọ kí ojú kọ̀ǹpútà hàn. Mo wá àmì fódà aláwọ̀ ìyeyè tí ojú ti mọ̀. Mo fi agbọ̀n ìdọ̀tí sí ibi tí wọ́n máa ń wá a sí. Èyí tó gba àkókò jù ni ọ̀rọ̀ títẹ ìwé, nítorí ibẹ̀ ni owó wa ti ń wọlé. LibreOffice ní ọ̀nà kan láti to àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sókè ní ojúlé-ojúlé bíi ti Word. Mo yan ìyẹn. Mo ṣètò rẹ̀ kó máa fi fáìlì pamọ́ ní docx láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Lẹ́yìn náà ni mo kojú ọ̀rọ̀ fọ́ńtì. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi Calibri tẹ̀, tí a bá ṣí i lórí ẹ̀rọ tí kò ní Calibri, ó lè di ojú ìwé méjì, kí ibi ìbuwọ́lù máa dá rìn lójú ìwé kejì. Àmọ́ fọ́ńtì kan wà tó ń jẹ́ Carlito, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì dìídì ṣe é kí fífẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti Calibri dọ́gba. Liberation Serif wà fún Times New Roman bákan náà. Nígbà tí mo fi wọ́n síbẹ̀, lẹ́tà ojú ìwé kan dúró sójú ìwé kan. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè má mọ bí ìyẹn ti tó.

Àwòrán ẹ̀yìn ni n kò fara wé. Gbogbo ayé mọ àwòrán òkè aláwọ̀ ewé ti Windows XP yẹn, èyí tí Charles O'Rear yà ní California ní 1996. Òkè kò wọ́n wa ní Òkè-Ògùn. Àwòrán òkè Àdó-Àwáyè ni mo fi síbẹ̀, pẹ̀lú adágún omi Ìyákẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ kan tí wọn kò tíì dé Ìṣẹ́yìn rí kọ́kọ́ rí Ìyákẹ́ lójú kọ̀ǹpútà mi.

Ọmọbìnrin SS2 náà padà wá. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí igun òsì, mẹ́nù ṣí. Kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo bi ara mi nígbà náà bóyá ẹ̀tàn ni. Ìbéèrè tó yẹ ni, n kò sì sá fún un. Mo wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe. Ní 2001, Michael Robertson ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ Linux kan tó sọ ní Lindows. Microsoft pè é lẹ́jọ́ lórí orúkọ náà. Ní 2004, wọ́n parí rẹ̀: Microsoft san $20 mílíọ̀nù, Robertson fi orúkọ náà sílẹ̀, ó di Linspire. Ìjọba Àríwá Kòríà ní Linux tirẹ̀, Red Star, tí ẹ̀yà rẹ̀ kẹta jọ kọ̀ǹpútà Apple bí ìbejì. Kali Linux, tí àwọn tó ń yẹ ààbò kọ̀ǹpútà wò ń lò, fi ohun kan kún tirẹ̀ ní ìparí 2019 tó ń sọ ojú rẹ̀ di Windows 10 wéré, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwùjọ má baà di ìran àpéwò. Olúkúlùkù pẹ̀lú ìdí tirẹ̀. Èmi fa ìlà tèmi: ibi tí nǹkan wà, mo lè fara wé e, nítorí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì kì í ṣe ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n orúkọ àti àmì, n kò fọwọ́ kàn án. Àmì Mint fúnra rẹ̀ ló wà lórí bọ́tìnnì mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yóò rí i. Mo sì bá ara mi ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi, òótọ́ ni n óò sọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ló gbé e wá, lẹ́tà rẹ̀ ń lọ sí Ìbàdàn. Bàbá fi gíláàsì sójú, ó wo àmì tó wà ní igun náà.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí nìyí? Windows kọ́ nìyí.”

“Windows kọ́ ni, bàbá. Linux ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mo tún un ṣe kó jọ ọ́.”

“Lẹ́tà mi á ṣí lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn?”

“Á ṣí, sà. Bí ẹ ṣe rí i yìí ni wọ́n á ṣe rí i.”

“Ó dáa. Tẹ̀ ẹ́ jáde. Méjì ni kí o ṣe.”

Ara mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo máa ń ronú nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa ní 2007. Ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ti ní àdéhùn pé Linux tiwọn ni yóò wà nínú 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré Classmate, èyí tí Intel ṣe, tó ń bọ̀ wá sí àwọn ilé-ìwé Nàìjíríà. Lójijì ni ìròyìn jáde pé wọ́n á san owó Linux náà o, ṣùgbọ́n wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á fi Windows rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon tó jẹ́ ọ̀gá Mandriva kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó bi í léèrè irú ohun tó ṣe tí àwọn oníbàárà fi yí èrò padà. Kò pẹ́ sí i tí USPF, àjọ ìjọba tó ń san lára owó náà, fi ní Mandriva làwọn ṣì fẹ́. Ohun tí mo rí fà yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí ojú tí ọmọdé bá kọ́kọ́ rí lórí kọ̀ǹpútà ti ṣe iyebíye tó fún àwọn tó ń tà á. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ kì í gbàgbé. Bí wọ́n bá mọ èyí, ó yẹ kí àwa tí ọmọ wà lọ́wọ́ wa náà mọ̀ ọ́n, ká sì máa lò ó fún àǹfààní ọmọ.

Kí n má purọ́, jíjọ kì í ṣe gbogbo nǹkan. CorelDRAW ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ káàdì àti bánà ń lò káàkiri ilẹ̀ yìí, kò sì sí ti Linux. Inkscape lè ṣí díẹ̀ nínú fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ńtì á yẹ̀, àwọ̀ á yàtọ̀, ẹni tó mú iṣẹ́ wá á ní iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń júwe ọ̀nà Ìṣẹ́yìn fún wọn. Owó ń lọ níbẹ̀. Mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Fáírọ́ọ̀sì kan wọ́pọ̀ lórí fúláàṣì lágbègbè wa, èyí tó máa ń fi gbogbo fódà pamọ́, tó sì máa ń fi àmì ayédèrú rọ́pò wọn. Bí o bá tẹ àmì náà lórí Windows, o ti tú u sórí ẹ̀rọ rẹ nìyẹn. Olùkọ́ kan wá pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò tó ti kọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀, omi lójú, ó ní gbogbo rẹ̀ ti lọ. A ki fúláàṣì náà bọ ẹ̀rọ. Gbogbo fódà rẹ̀ hàn, pérépéré. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí Windows fi ń pa fáìlì mọ́ lórí fúláàṣì kò jẹ́ nǹkan kan lójú Linux. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ ni Linux máa ń fi pamọ́. Àwọn ayédèrú náà kò sì rí nǹkan kan ṣe, torí Windows ni wọ́n kọ wọ́n fún. Olùkọ́ náà rò pé èmi ni mo mọ iṣẹ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ náà ló ń wò ó lójú mìíràn, mo sì sọ orúkọ rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ yòókù ti gbọ́, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fúláàṣì wá.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti mọ́ra, mo fi ohun kan kún un tí n kò fara wé lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Lára kíbọọ̀dù tó wà nínú Linux ni ti Nàìjíríà, Yorùbá, Haúsá àti Igbo sì wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi ti Yorùbá sí i, mo fi àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí tí wọ́n lè fi yí i. Ìwé ètò ìsìnkú ló kọ́kọ́ fi èso rẹ̀ hàn. Oríkì òkú ni àwọn ẹbí máa ń fẹ́ kí ó wà lójú ìwé kìíní, tẹ́lẹ̀, a máa ń tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan, tí ẹni tó ń kà á lójú gbogbo èrò á máa kọsẹ̀. Ní báyìí, ẹ, ọ àti ṣ ń bọ́ síbi tó yẹ. Àwọn arúgbó máa ń gba ìwé náà, wọ́n á gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n á kà á sókè níwájú mi kí wọ́n tó sanwó.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ní ká fi Yorùbá kọ orúkọ sábẹ́ àwọn àmì ojú kọ̀ǹpútà: Ìwé Mi, Àwòrán, Orin, Ààtàn. Mo gbà fún un. Òun náà ló sì bi mí ní ìbéèrè tó yí ìṣe mi padà: “Àǹtí, bí mo bá gboyè níbí, tí mo lọ ṣí tèmi ní Ṣakí, kí ni n óò sọ pé mo mọ̀?” Mo rí i pé ẹni tó wá tẹ lẹ́tà lè lọ láìmọ orúkọ ohun tó lò, ṣùgbọ́n ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fi ń sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pé Linux nìyí, pé Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, pé a tún ojú rẹ̀ ṣe ni. Kí wọ́n tó parí, wọ́n á tú gbogbo ìtúnṣe náà, wọ́n á rí bó ṣe rí níhòòhò, wọ́n á sì tún un tò fúnra wọn bó bá ṣe wù wọ́n. Àwọn kan máa ń dá a padà sí bíi Windows. Àwọn mìíràn máa ń gbé pánẹ́ẹ̀lì lọ sókè, wọ́n á ní ibẹ̀ ló dára jù.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 náà dúró. Windows 11 ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán, àti ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ TPM 2.0 tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ àlòkù tó wà lágbègbè wa. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá: olùkọ́, pásítọ̀, nọ́ọ̀sì, ọmọ tó ń lọ sí Pólì ní Ṣakí. Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá CorelDRAW wà lára iṣẹ́ wọn. Bó bá wà, mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe yí i padà. Bí kò bá sí, mo máa ń sọ orúkọ Linux fún wọn, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n lò ó láti orí fúláàṣì tèmi láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ wọn. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, mo máa ń da gbogbo fáìlì wọn kọ síbòmíràn, mo máa ń fi Mint sí i. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Níbo lẹ fẹ́ kí bọ́tìnnì wà?”